Ààrò Tí A Rà fún Ení-Èjì

Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi jókòó sẹ́yìn gíláàsì ní ilé ìfìwéránṣẹ́. Ihò kékeré kan ló wà nísàlẹ̀ gíláàsì náà, ọwọ́ àwọn èèyàn nìkan ló sì máa ń gba ibẹ̀ wọlé sọ́dọ̀ mi. Bí mo ṣe di ẹni tó ń wo ọwọ́ èèyàn kó tó wo ojú rẹ̀ nìyẹn. Mo mọ ọwọ́ aránṣọ, mo mọ ọwọ́ agbẹ́jọ́rò, mo mọ ọwọ́ ẹni tó fẹ́ parọ́ fún mi nípa ohun tó wà nínú ẹrù rẹ̀. Nítorí náà, bí mo bá sọ fún yín pé ọwọ́ ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ni ọwọ́ tó dára jù tí mo tíì rí, ẹ gbà á bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe pé mò ń pọ́n ọn. Èmi kì í pọ́n èèyàn, ẹ lè bi wọ́n léèrè nílé wa.

Bùrọ̀dá ni mò ń pè é, Sítáǹbù lòun ń pè mí. Lójú rẹ̀, “ẹ” ni mo fi ń bá a sọ̀rọ̀, torí wọ́n kọ́ mi nílé. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, “ó” ni màá máa lò. Bí mo bá ń sọ “wọ́n ṣe báyìí, wọ́n ṣe tọ̀hún”, ẹ ò ní mọ̀ bóyá òun nìkan ni tàbí gbogbo ilé. Láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú ni mo ti ń gbé lọ́dọ̀ òun àti ẹ̀gbọ́n mi, nínú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ẹ̀yìnkùlé. Kò sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé yẹn tí mi ò ní rí.

Ilé búrẹ́dì ni Bùrọ̀dá ti ṣiṣẹ́ títí tó fi fẹ̀yìn tì. Nígbà tó débẹ̀ ní ọmọ ogún ọdún, ààrò wọn kò ní aago tó ń ka ooru. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń kà á. Wọ́n á na ọwọ́ ọ̀tún sínú ẹnu ààrò láìjẹ́ kó kan nǹkan kan, wọ́n á wá bẹ̀rẹ̀ sí í kà: ení, èjì, ẹ̀ta. Bí ooru bá lé ọwọ́ jáde ní ẹ̀fà, ó ti tó búrẹ́dì yan nìyẹn. Bí wọ́n bá kà dé ẹ̀wá tí ọwọ́ ṣì wà níbẹ̀, kí wọ́n tún koná sí i. Bó bá jẹ́ èjì péré, kí wọ́n ṣílẹ̀kùn kó fẹ́ díẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá ra ààrò tó ní aago, Bùrọ̀dá kò jáwọ́. Àwọn tó kù á wo aago, òun á na ọwọ́, ohun kan náà ni wọ́n sì máa ń rí. Ọjọ́ tí ọwọ́ rẹ̀ àti aago kò bá bára mu, aago ni wọ́n máa ń pe oníṣẹ́ wá tún ṣe. Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ ọ́ ní Ení-Èjì. Orúkọ yẹn tẹ̀ lé e dé àdúgbò, títí dé ọ̀dọ̀ àwọn tí kò mọ̀dí rẹ̀.

Ó fẹ̀yìn tì lójijì. Ó wọlé ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó bọ́ bàtà, ó ní ó ti rẹ òun. Kò sí ayẹyẹ ìdágbére, kò sí àwo oníwúrà, kò sì tún fọwọ́ kan ìyẹ̀fun mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi, tó jẹ́ ọ̀gá ní yàrá ìfọṣọ ilé ìwòsàn nígbà ayé iṣẹ́ tirẹ̀, ní kó sinmi, ó ti ṣe tó. Ọdún méjì ló fi sinmi. Ó ń bomi rin òdòdó, ó ń ka ìwé ìròyìn láti òkè dé ìsàlẹ̀, títí dé ibi tí wọ́n ti ń polówó ilẹ̀ tí kò ní rà.

Nígbà tí ọjọ́ ìbí rẹ̀ kù sí dẹ̀dẹ̀, tí yóò pé ẹni àádọ́rin ọdún, àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì pinnu pé àwọn máa ra ààrò písà fún un, èyí tí wọ́n ń gbé sí ẹ̀yìnkùlé. Àkọ́bí ló mú àbá náà wá, obìnrin ni, olùkọ́ ìṣirò. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo ní, “Ẹni tó ti dúró nídìí ààrò ní gbogbo ọjọ́ ayé ẹ̀, ààrò náà lẹ tún fẹ́ fi ta á lọ́rẹ? Tó bá kàn mí, ẹ má ra sítáǹbù fún mi o.” Ṣùgbọ́n mo rí ojú Bùrọ̀dá. Ojú tó ti wà bíi yàrá tí wọ́n fa kọ́tìnnì bò láti ọdún méjì ṣí.

Ó ní, “Onígi ni kó jẹ́ o.”

Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Oríṣi mẹ́ta ni wọ́n tẹ àwòrán rẹ̀ jáde sórí tábìlì wa. Èkíní jẹ́ ti bíríkì, tí wọ́n máa wá mọ síbẹ̀. Bíríkìlà wá, ó wọn ilẹ̀, ó ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, àti pé okùn tí à ń sá aṣọ sí máa kúrò. Ẹ̀gbọ́n mi kò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀. Ó ní òpó okùn òun ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí bíríkìlà náà. Ìyẹn ti lọ. Ó wá ku méjì. Ọ̀kan jẹ́ onígáàsì, kékeré, a lè gbé e ka orí tábìlì, èèyàn á yí nǹkan kan báyìí, iná á tàn, láàárín ogún ìṣẹ́jú ó ti gbóná. Èkejì jẹ́ onígi. Irin ni ìta rẹ̀, bíríkì ló wà nínú, òkúta pẹlẹbẹ ni ilẹ̀ rẹ̀, àjà rẹ̀ sì rí bí ìkòkò tí a dojú rẹ̀ dé, pẹ̀lú paìpù tó ń tú èéfín sókè. Wákàtí kan àtààbọ̀ ni wọ́n máa fi koná sí i kó tó ṣeé lò.

Ta ló fẹ́ onígi? Bùrọ̀dá nìkan. Àkọ́bí ní ooru onígáàsì kì í yí padà. Àbíkẹ́yìn, ọkùnrin, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ adójútòfò, níbi tí wọ́n ti ń sanwó fún un láti máa ronú nípa jàǹbá, sọ lórí fóònù pé ẹ̀ta iná kan ṣoṣo tó fò bọ́ sórí ewé gbígbẹ ti tó. Ẹ̀gbọ́n mi ní èéfín á wọ inú aṣọ funfun òun, aṣọ tó bá ti gbọ́ òórùn èéfín kò sì ṣeé bá ṣọ̀rẹ́ mọ́.

Bùrọ̀dá ní, “Màá yí ẹnu ẹ̀ sọ́nà ògiri.”

“Atẹ́gùn ńkọ́? Ṣé ẹ máa yí ìyẹn náà ni?”

“Ìyàwó, onígáàsì yẹn kì í bá èèyàn sọ̀rọ̀.”

“Ta ló fẹ́ bá ààrò sọ̀rọ̀? Èmi tí mo wà nílé, ẹ ò bá mi sọ tó.”

Báyìí ni wọ́n ṣe ń fà á fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ní ọjọ́ kan nídìí oúnjẹ ọ̀sán, ọ̀rọ̀ náà sú mi. Ẹnu mi kì í ní ìdè. Mo ní, “Bùrọ̀dá, ẹ má bínú o, orí kunkun lásán lẹ̀ ń ṣe. Àwọn ọmọ fẹ́ fún yín ní nǹkan tó rọrùn, ẹ̀yin fẹ́ máa la igi ní àádọ́rin ọdún torí kí wọ́n lè sọ pé Ení-Èjì kò lo gáàsì. Ìgbéraga nìyẹn.”

Bùrọ̀dá fi ọwọ́ òsì gbé ife omi rẹ̀, ó mu ún, ó sì jáde lọ bomi rin òdòdó. Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ, ṣùgbọ́n mi ò ro ọ̀rọ̀ àwọn àgbà lọ́jọ́ yẹn. Ohun tó ń dùn mí títí dòní ni pé mo ti rí gbogbo rẹ̀. Mo rí i pé ọwọ́ òsì ló fi ń mumi. Mo rí i pé ó ti pa gbogbo ṣẹ́ẹ̀tì oníbọ́tìnnì tì, èyí tí wọ́n ń ti orí wọ̀ nìkan ló kù tó ń lò. Mo rí i pé ọwọ́ ọ̀tún kì í kúrò nínú àpò. Mo ka gbogbo rẹ̀ sí ìwà ọ̀lẹ ẹni tó fẹ̀yìn tì. Èmi tí mò ń fọ́nnu pé ọwọ́ ni mo máa ń wò!

Nígbà tí ẹnu kò kò, àkọ́bí ní kí gbogbo wa lọ fojú ara wa rí i. Ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé, ó fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé wa lọ sí ilé ìtajà náà, òun, àwọn òbí rẹ̀ méjèèjì, àtèmi tí kò sẹ́ni tó pè. Ilé ìkẹ́rùsí àtijọ́ ni wọ́n sọ di ìsọ̀. Ní ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n ní àgbàlá kan tí wọ́n to àwọn ààrò sí, méjì nínú wọn sì ń jó: onígáàsì kan, onígi kan. Obìnrin tó ń tà á ju ẹni ogójì ọdún lọ, ó wọ épírọ́ọ̀nù pupa, ó sọ fún wa pé ilé oúnjẹ lòun ti ń se oúnjẹ tẹ́lẹ̀ kí orúnkún òun tó ní ó tó gẹ́ẹ́. Mo fẹ́ràn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Apá rẹ̀ ní àpá iná mẹ́rin, kò sì fi wọ́n pamọ́.

Bùrọ̀dá lọ tààrà sídìí onígi. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo àjà rẹ̀ nínú lọ́hùn-ún fún ìgbà pípẹ́, bí ẹni ń ka lẹ́tà.

Ó ní, “Kò tíì tó. Ó ku bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá.”

Obìnrin náà wo aago ọrùn ọwọ́ rẹ̀, ó ka iye ìṣẹ́jú tí iná náà ti ń jó. Ó rẹ́rìn-ín. “Dádì, òótọ́ lẹ sọ o. Báwo lẹ ṣe mọ̀?”

Kí Bùrọ̀dá tó lanu, ọmọ rẹ̀ ti gbà á sọ. Inú rẹ̀ dùn débi pé ohùn rẹ̀ padà di ti ọmọ ọdún méje. “Dádì mi ò nílò aago! Ogójì ọdún ó lé ni wọ́n fi ṣe iṣẹ́ búrẹ́dì. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń ka ooru. Dádì, ẹ fi hàn wọ́n. Ẹ fi ti onígáàsì yìí hàn wọ́n.” Ó sì mú aṣọ ìnuwọ́ kan lórí tábìlì, ó fi bo aago ààrò onígáàsì náà.

Bùrọ̀dá ní, “Rárá, ẹ jẹ́ ká máa lọ síbi onígi.”

“Dádì, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré.”

Tọkọtaya kan tó wá rajà ti dúró, wọ́n ń wò wá. Ẹ̀gbọ́n mi náà ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ta ni baba tó máa sọ pé òun kò ṣe, nígbà tí ọmọ rẹ̀ ń fi í yangàn lójú àlejò? Ó yọ ọwọ́ ọ̀tún kúrò nínú àpò. Ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó nà án bọ ẹnu ààrò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà pẹ̀lú ohùn rẹ̀ àtijọ́ tó máa ń la ariwo ilé búrẹ́dì kọjá.

“Ení. Èjì.”

Mo rí i tí obìnrin oníépírọ́ọ̀nù náà yí ojú sí mi kíá.

“Ẹ̀ta. Ẹ̀rin.”

“Dádì,” obìnrin náà ní. “Dádì, ẹ—”

“Àrún. Ẹ̀fà!” Ó fa ọwọ́ yọ bí ẹni tí ooru lé, ó gbọ̀n ọ́n, ó sì kọjú sí ọmọ rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín. “Ẹ̀fà. Ó tó búrẹ́dì yan.”

Òórùn irun jíjó ló kọ́kọ́ dé imú mi. Obìnrin náà fa aṣọ kúrò lára aago. Ooru tó wà nínú ààrò yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì èyí tí búrẹ́dì ń fẹ́. Kò sí ọwọ́ tó yè tó lè dúró níbẹ̀ kó ka ẹ̀ta. Gbogbo irun ẹ̀yìn ọwọ́ Bùrọ̀dá ti ká kò, awọ ibẹ̀ ti pọ́n, ó ti ń wú lójú wa, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rín ṣì wà lójú rẹ̀. Kò mọ̀. Ó ń dúró kí a pàtẹ́wọ́ fún un.

Ẹ̀gbọ́n mi ló gbá a mú. Ó wọ́ ọ lọ sídìí ẹ̀rọ omi tó wà lára ògiri, ó ṣí i, ó fi ọwọ́ náà sábẹ́ omi. Ó bi í pé, “Ṣé ó ń ta yín gan-an?” Bùrọ̀dá wo ọwọ́ náà bí ẹni ń wo ọwọ́ ẹlòmíì.

“Rárá,” ó ní.

Láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ ara wọn, n kò gbọ́ ọ rí kí ẹ̀gbọ́n mi fi “ìwọ” bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ yẹn, ó tẹjú mọ́ ọn, omi ń dà sí wọn lápá méjèèjì, ó ní, “Kò ta ọ́? Láti ìgbà wo ni kò ti ń ta ọ́?”

Obìnrin náà bá wa fi aṣọ mímọ́ bo ọwọ́ náà, a sì gba ilé ìwòsàn lọ. Nọ́ọ̀sì fọ ojú iná náà, ó dì í. Dókítà mú abẹ́rẹ́ kékeré kan, ó ní kí Bùrọ̀dá dijú, ó sì ń fi í tẹ àwọn ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìka mẹ́rin kò gbọ́ nǹkan kan. Àtàǹpàkò gbọ́ díẹ̀. Dókítà ní iṣan kan ló há ní ọrùn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àpò ìyẹ̀fun tó ń gbé sí èjìká láti ìgbà èwe, ó sì ti pẹ́ jù kí ìmọ̀lára ibẹ̀ tó padà tán. Àwọn máa gbìyànjú, ṣùgbọ́n kó má fọkàn sí i púpọ̀.

Lórí bẹ́ǹṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí a ti ń dúró de oògùn, ọ̀rọ̀ jáde. Ó ti lé ní ọdún mẹ́ta tó ti bẹ̀rẹ̀ láti orí ìka. Òwúrọ̀ ọjọ́ kan ní ilé búrẹ́dì, ó na ọwọ́, ó kà á dé ẹ̀fà, ó ní ó ti tó. Aago bàjẹ́ lọ́jọ́ yẹn, tirẹ̀ ni wọ́n sì gbà. Búrẹ́dì irinwó ni wọ́n kó wọ inú ààrò, gbogbo rẹ̀ jó di èédú. Ó sọ fún ọ̀gá pé ọkàn òun kò sí níbẹ̀. Kí oṣù tó parí, ó fiṣẹ́ sílẹ̀.

Ó ní, “Mo fẹ́ kúrò níbẹ̀ kí wọ́n tó mọ̀ pé ọwọ́ ni.”

“Èmi ńkọ́?” ẹ̀gbọ́n mi bi í. “Orí bẹ́ẹ̀dì kan náà ni à ń sùn.”

Bùrọ̀dá wolẹ̀. “Ọwọ́ yìí lo mọ̀ tó o fi fẹ́ mi. Kí ni kí n wá sọ?”

Inú ń bí ẹ̀gbọ́n mi gidigidi, àánú rẹ̀ sì ń ṣe é, méjèèjì ń jà lójú rẹ̀, n kò mọ èyí tó máa borí. Àkọ́bí ń sunkún nídìí ògiri. Ó ń sọ pé òun lòun ti bàbá òun sínú iná.

Mo bi Bùrọ̀dá léèrè ohun tí kò yé mi. “Kí ló wá dé tẹ́ ẹ fi ní onígi dandan? Ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ ò gbọ́ iná, ṣé kò yẹ kó fẹ́ èyí tó ní aago ni?”

“Onígáàsì ní aago lóòótọ́. Aago náà ló máa yan búrẹ́dì, kì í ṣe èmi.” Ó gbé ọwọ́ tí wọ́n dì náà lé orúnkún. “Tí igi bá ń jó, Sítáǹbù, èéfín á kọ́kọ́ sọ àjà ààrò di dúdú kirikiri. Tó bá wá gbóná dé ibi tó yẹ, dúdú yẹn á jó kúrò fúnra ẹ̀, àjà á padà funfun. Ojú ni wọ́n fi ń wò ó. Ojú mi ò tíì kú. Iná igi nìkan ló kù tó ṣì lè bá mi sọ̀rọ̀.”

Bẹ́ẹ̀, èmi ni mo pe ìyẹn ní ìgbéraga, lójú gbogbo ilé, nídìí oúnjẹ. Èmi kì í bẹ̀bẹ̀ lọ́dọ̀ èèyàn, mo fẹ́ kí n máa jiyàn títí ẹnì kejì á fi sùn. Ṣùgbọ́n mo kúnlẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn yẹn, níwájú àwọn aláìsàn. “Bùrọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì mí.” Ó ní kí n dìde, ilẹ̀ wọn kò mọ́.

Lọ́jọ́ kejì, àbíkẹ́yìn wọkọ̀ wá. Kò tíì jókòó tó ti bẹ̀rẹ̀. Ó ní kò sí ọ̀rọ̀ ààrò kankan mọ́, onígi tàbí onígáàsì. Ẹni tí iná ń jó tí kò mọ̀, kò gbọdọ̀ dúró nídìí iná. Kí á fojú inú wò ó ná: ká ní bàbá àwọn nìkan ló wà nílé ńkọ́? Ká ní iná ran apá aṣọ rẹ̀ ńkọ́? Ọ̀rọ̀ gidi ni, mi ò lè sọ pé irọ́ ló pa. Ìfẹ́ bàbá rẹ̀ ló ń mú un pariwo. Àkọ́bí náà fara mọ́ ọn, ojú rẹ̀ ṣì wú fún ẹkún. Wọ́n ní àwọn máa fi owó náà ra àga ńlá kan, èyí tí èèyàn lè na ẹsẹ̀ lé, tó tún ń gbọ̀n jẹ́jẹ́ síni lẹ́yìn.

Bùrọ̀dá jókòó sí ìpẹ̀kun tábìlì. Ọwọ́ tí wọ́n dì náà wà níwájú rẹ̀ bí ẹrù tí wọ́n fi ránṣẹ́ tí kò sẹ́ni tó wá gbà á. Ó gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ wọn tán.

“Ó dáa,” ó ní. “Àga náà dáa.”

Mo ti rí ẹni tó pàdánù lẹ́tà, mo ti rí ẹni tó gba ìwé ikú ní ojú fèrèsé mi, ṣùgbọ́n “ó dáa” yẹn wọ̀ mí lára ju gbogbo wọn lọ. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ti di ẹrù rẹ̀ tán. Mo rí i pé bí àga yẹn bá wọ inú ilé wa, kò ní dìde nínú rẹ̀ mọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi dìde. Láti àná, kò tíì bá ọkọ rẹ̀ sọ ju gbólóhùn méjì lọ. Ó lọ sídìí àpò rẹ̀, ó mú káàdì obìnrin oníépírọ́ọ̀nù pupa jáde, ó wọ awò ojú rẹ̀, ó sì ń tẹ nọ́ńbà náà sórí fóònù lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo wa sì ń wò ó.

“Ẹ káàsán o. Àwa tí a wá lánàá ni, ìyàwó ẹni tí iná jó. Ọwọ́ ń san, a dúpẹ́. Onígi yẹn ni mo fẹ́.”

“Mọ́mì!” àbíkẹ́yìn pariwo.

Ẹ̀gbọ́n mi bo ẹnu fóònù náà. Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè rárá. “Ọwọ́ ló kú. Ọkọ mi ò tíì kú. Ẹ ò ní bá mi sin ín sínú àga.”

Ó ṣí ẹnu fóònù. “Ẹ má bínú, àwọn ọmọ ló ń bá mi sọ̀rọ̀. Ẹ fi ìbọ̀wọ́ iná tó gùn dé ìgbúnwọ́ kún un, méjì-méjì, tèmi àti tiẹ̀. Àti igi gígùn tí wọ́n fi ń ti písà wọlé, èyí tó gùn jù tẹ́ ẹ bá ní. Èmi ni màá máa dì í mú.” Ó tẹ́tí díẹ̀. “Okùn tí mo máa ń sá aṣọ sí nìkan ló wà níbẹ̀. Màá máa ká a.”

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Bùrọ̀dá ń sunkún, ó fi ọwọ́ òsì bojú, ṣùgbọ́n mo rí i tó ń gba àárín ìka wo ìyàwó rẹ̀.

Ìlànà mẹ́ta ni ẹ̀gbọ́n mi fi lélẹ̀ kí wọ́n tó dá iná àkọ́kọ́. Bùrọ̀dá kò gbọdọ̀ dá nìkan wà nídìí rẹ̀. Kò gbọdọ̀ bọ́ ìbọ̀wọ́ nígbà tó bá wà níwájú ẹnu ààrò. Ẹ̀kẹta ló le jù: gbogbo ìgbà tó bá ti kúrò nídìí iná, kó bọ́ ìbọ̀wọ́, kó sì ní kí ẹnì kan wo ọwọ́ náà. Kì í ṣe kí òun tàbí èmi máa ṣọ́ ọ. Bùrọ̀dá fúnra rẹ̀ ni kó béèrè. Bùrọ̀dá gba méjì àkọ́kọ́ láìjanpata. Nígbà tó gbọ́ ẹ̀kẹta, ó lọ bomi rin òdòdó kó tó padà wá sọ pé òun gbọ́.

Ọjọ́ Sọ́ńdè tí a dá iná náà, lẹ́yìn tí ọwọ́ ti jinná, ilé kún. Àkọ́bí kó ọmọ rẹ̀ méjèèjì wá. Àbíkẹ́yìn gbé ẹ̀rọ ìpaná pupa wá, ó gbé e sáàárín ẹsẹ̀ rẹ̀, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ará ilé kejì fi ìgbọ̀nwọ́ lé orí ògiri, wọ́n ń fi òórùn ṣe oúnjẹ. Bùrọ̀dá to igi, ó koná, ó ń bẹ̀rẹ̀ wo àjà, ó ń padà dìde. Dúdú ni. Dúdú ṣì ni. Mo lọ wò ó pẹ̀lú rẹ̀ nígbà tó pè mí, mo sì fojú ara mi rí i bí dúdú yẹn ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí láti àárín, tí àjà funfun ń yọ jáde.

Ó ní, “Ó yá!”

Ẹ̀gbọ́n mi ba písà àkọ́kọ́ jẹ́. Ó tì í wọlé tìfuratìfura, písà náà ká kò mọ́ra, tòmátò àti wàràkàṣì dà sórí òkúta, èéfín gba gbogbo àgbàlá. Bùrọ̀dá bú mọ́ ọn: “Má bẹ̀rù ẹ̀! Tì í, kó o sì fa ọwọ́ yọ lẹ́ẹ̀kan náà! Ta ló ní kó o rò ó?” Ẹni tí kì í gba ìbúmọ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ní yàrá ìfọṣọ ilé ìwòsàn, ó ní, “Ó dáa, ọ̀gá.” Èkejì dára. Ẹ̀kẹta dára jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wú, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ó jó àwọn ọmọ láhọ́n nítorí wọn kò lè dúró.

Bùrọ̀dá mú ọ̀pá irin, ó ti igi tó ń jó sẹ́yìn, ó fi ọ̀pá lélẹ̀, ó sì kúrò nídìí iná. Ó dúró láàárín àgbàlá. Gbogbo ẹni tó mọ̀ ọ́n sí Ení-Èjì ló wà níbẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀, àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀, àwọn ará ilé kejì lórí ògiri. Mo mọ ohun tó kàn. Mo fẹ́ sáré lọ bá a kó má bàa di pé ó ń sọ ọ́ sókè, ṣùgbọ́n mo di ara mi mú.

Ó fi ọwọ́ òsì bọ́ ìbọ̀wọ́ náà. Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè níwájú gbogbo wa.

“Ìyàwó,” ó ní, ohùn rẹ̀ là ketekete, “jọ̀ọ́, bá mi wo ọwọ́ mi. Mi ò mọ̀ bóyá iná mú mi.”

Ẹ̀gbọ́n mi gbé igi gígùn náà ti ara ògiri, ó bọ́ ìbọ̀wọ́ tirẹ̀, ó gba ọwọ́ náà sínú méjèèjì. Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó yí i, ó wo àtẹ́lẹwọ́, ó wo àwọn ìka lọ́kọ̀ọ̀kan títí dé orí èékánná. Kò kánjú.

“Kò mú yín,” ó ní.

“O ṣeun,” Bùrọ̀dá dá a lóhùn, ó sì ní kí wọ́n gbé èyí tó kàn wá.